Èsì: Ṣé kọ̀ǹpútà ń rẹ́ wa jẹ nínú géèmù ogun ni?
Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ọ̀tá inú Arma 3 ń yìnbọn bà yín láti òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin ò tíì rí nǹkan kan. Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń yan bí géèmù náà ṣe máa le tó. Ọgbọ́n ọ̀tá wà lọ́tọ̀, bí ìbọn rẹ̀ ṣe ń bani tó wà lọ́tọ̀. Ẹ fa ti ìbọn wálẹ̀ dáadáa, kí ẹ fi ọgbọ́n sílẹ̀ lókè. Á ṣì máa gba ẹ̀yìn yọ sí yín, àmọ́ ọta àkọ́kọ́ lè fò yín dá, kí ẹ ráyè dọ̀bálẹ̀.

Lójú tèmi, ìbẹ̀rù ló ń mú kí ogun jọ ogun. Géèmù Close Combat ti ṣe é láti 1996: ẹ lè pàṣẹ kí ọmọ ogun sáré kọjá títì, kó kọ̀ jálẹ̀, kó lẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí ọta tó ń rọ̀. Nínú géèmù Combat Mission: Shock Force ti 2007, ohun tí ikọ̀ kan rí, ìkejì lè má mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ ogun mi kan jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mi ń wo ọ̀tá lẹ́yìn ògiri. Ó dùn mí gan-an, síbẹ̀ irú ẹ̀ gan-an ni mò ń wá.