Ẹ Má Dé Ọtí Èso Pa Nígbà Tí Ó Bá Ṣì Ń Hó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Mo ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó ṣe ọtí nílé, kì í ṣe fún títà, mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Mo gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó, mo lọ̀ ọ́, mo fi omi, ṣúgà àti yíìsì búrẹ́dì sí i, mo sì rọ ọ́ sínú ike méjì àti ìgò kan. Aládùúgbò mi ní kí n dé wọn pa pinpin fún ọjọ́ 21 kí agbára ọtí náà má baà fẹ́ lọ. Láti ìjẹta ni àwọn ike náà ti wú, wọ́n sì le gbagidi. Irú ìdérí wo ni mo lè rà tí kò ní jẹ́ kí atẹ́gùn jò? Àti pé, ṣé òótọ́ ni pé ọtí tí a bá ṣe nílé lè fọ́ni lójú?

Ìdáhùn: Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ lọ bójú tó àwọn ike àti ìgò yẹn. Ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò nítòsí. Ẹ gbé àwọn ike sínú fíríìjì fún wákàtí mélòó kan, nítorí òtútù máa ń dín ìhó kù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ ìnura tó nípọn bo orí wọn, kí ẹ sì máa yí ìdérí wọn díẹ̀díẹ̀ títí afẹ́fẹ́ inú wọn yóò fi jáde tán. Ní ti ìgò, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbá a mú rárá. Ẹ da aṣọ tó nípọn bò ó níbi tó wà, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti ohun tó lè dáàbò bo ojú yín kí ẹ tó tú ìdérí rẹ̀. N kò sí lọ́dọ̀ yín, n kò sì rí ìgò náà, nítorí náà n kò lè fi dá yín lójú pé kò séwu. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ fi í sílẹ̀ lábẹ́ aṣọ náà, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn yàrá náà.

N kò ní ìdérí kankan láti júwe fún yín, nítorí dídé náà gan-an ni àṣìṣe. Ó pẹ́ tí ìmọ̀ràn pé kí á dé ọtí pa kí agbára rẹ̀ má baà lọ ti ń dé etígbọ̀ọ́ mi, pàápàá jù lọ láti ẹnu àwọn tó ń gbowó kọ́ni ní ọtí ṣíṣe lórí WhatsApp, ó sì ń bí mi nínú gidigidi, nítorí ojú àti ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n fi ń ṣeré.

Yíìsì jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan rẹ̀. Saccharomyces cerevisiae ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ìran kan náà sì ni èyí tó ń mú búrẹ́dì wú àti èyí tó wà nínú ẹmu ọ̀pẹ. Bí ó bá jẹ ṣúgà, ohun méjì ni ó ń mú jáde, ìwọ̀n àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: ọtí, àti afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáídì, èyí kan náà tí àwọn ilé iṣẹ́ ń fi sínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń jáde nínú ìhó tí ẹ ń rí. Kì í ṣe ọtí. Ọtí kì í hó àfi tí iná bá mú un dé ìwọ̀n 78 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìwọ̀nba tó bá afẹ́fẹ́ náà jáde kéré débi pé ahọ́n kò lè mọ̀ ọ́n.

Inú ṣúgà ni agbára ọtí ti ń wá. Nǹkan bí gíráàmù 17 ṣúgà nínú líta kan ni yíìsì ń sọ di ìdá kan ọtí nínú ọgọ́rùn-ún. Omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó pọ́n dáadáa sábà máa ń ní nǹkan bí gíráàmù 120 nínú líta kan, èyí tó lè fún yín ní ọtí ìdá 7. Bí ẹ bá fi gíráàmù 80 kún un, ẹ ti ń sún mọ́ ìdá 12 nìyẹn. Omi lásán tí ẹ bù sí i ló ń dín agbára rẹ̀ kù, kì í ṣe ìdérí tó ṣí sílẹ̀.

Ẹ wá wo afẹ́fẹ́ náà. Líta kan omi èso tó ní gíráàmù 200 ṣúgà yóò tú afẹ́fẹ́ bíi líta 50 sílẹ̀ kí yíìsì tó parí iṣẹ́. Níbo ni ẹ fẹ́ kí ó gbà? Ní agbègbè Champagne ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń mọ̀ọ́mọ̀ há afẹ́fẹ́ yìí mọ́ inú ìgò, nǹkan bí gíráàmù 24 ṣúgà péré ni wọ́n ń fi sí líta kan kí wọ́n tó dé e, síbẹ̀ agbára tó ń ti ìgò náà láti inú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tó wà nínú táyà mọ́tò. Ìgò wọn nípọn, ó sì wúwo, wáyà ni wọ́n fi ń de kọ́ọ̀kì rẹ̀. Láyé àtijọ́, ìgò a máa bú gbàmù nínú àjà ilẹ̀ wọn débi pé ìbòjú irin ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá wá dé gíráàmù 200 pa sínú ìgò lásán ti fi ìlọ́po mẹ́jọ ṣúgà yẹn sí i. Àwọn tó ń dá ẹmu nílẹ̀ wa kò ní ohun èlò ìwọ̀n kankan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé a kì í dé kẹ́ẹ̀gì ẹmu pa bọ̀ láti oko.

Ohun tó jẹ́ kí àṣìṣe yìí máa jọ òótọ́ ni pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ ọtí di ọtí kíkan nílò atẹ́gùn. Nítorí náà, ohun tí a ń wá ni ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ inú yóò fi jáde tí ti ìta kò fi ní wọlé. Fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, nígbà tí ìfófòó bá pọ̀, ẹ jẹ́ kí ó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ bò, kí ẹ sì máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ sẹ́ ẹ sínú kẹ́ẹ̀gì mímọ́, kí ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè, kí ẹ lu ìdérí rẹ̀ ní ihò kan tí rọ́bà dírípù tuntun lè wọ̀, kí ẹ fi àbẹ́là yíyọ́ dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ti ẹnu rọ́bà náà kejì bọ inú ife omi. Ẹ má lo kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti fi gbé epo bẹntiróòlù, kẹrosíìnì tàbí kẹ́míkà rí, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó.

Ẹ má ka ọjọ́. Nígbà tí omi inú ife kò bá ta mọ́, tí hydrometer, ohun èlò tí a fi ń wọn ṣúgà inú omi èso, bá sì ń fi iye kan náà hàn, 1.000 tàbí èyí tó kéré sí i, fún ọjọ́ mẹ́ta léra, ọtí náà ti parí. Ẹ rọra fà á kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ìgbà yìí gan-an ló tó kí ẹ rọ ọ́ kún ọrùn ìgò, kí ẹ sì dé e pa. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó dùn, inú ife ni kí ẹ ti fi ṣúgà sí i nígbà tí ẹ bá fẹ́ mu ún, nítorí ṣúgà tó bá wọ inú ìgò lè jí yíìsì dìde padà.

Ní ti ojú fífọ́, methanol, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, ni wọ́n ń sọ. Ní ọdún 2015, ògógóró tí methanol wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ara èso fúnra rẹ̀ ni ìwọ̀nba díẹ̀ tó wà nínú ọtí èso ti ń wá, kò sì pọ̀ tó ohun tó ń fọ́ ojú ẹni tó mu ún níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọtí yín kaná láti sè é di ògógóró, nítorí oru ọtí náà lè gbiná mọ́ yín lára, ẹ kò sì ní ohun tí ẹ lè fi mọ iye methanol tó kó jọ sínú ohun tí ẹ sè. Aboyún kò gbọdọ̀ mu ọtí náà, kí ẹnikẹ́ni tó bá sì ń lo oògùn kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.