Nínú orin fíìmù Íńdíà àtijọ́, ohùn orin ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe ni àbí ọ̀rọ̀?

Ohùn ló sábà máa ń ṣáájú. Ẹ wo àwọn mẹ́rin tó bá Raj Kapoor, òṣèré àti olùdarí fíìmù, ṣiṣẹ́ láti orí fíìmù Barsaat ní 1949: Shankar àti Jaikishan ló ń gbé ohùn kalẹ̀, Shailendra àti Hasrat Jaipuri ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí i. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ játijàti kọ ohùn náà kí akéwì lè mọ iye sílébù. Gígùn àti kíkúrú fáwẹ̀lì ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀: bí sílébù kúkurú bá bọ́ síbi tí ohùn ti fà, ọ̀rọ̀ á lọ́ lẹ́nu akọrin. Ègbè tí wọ́n ń pè ní mukhda ṣe pàtàkì ju antara, ìyẹn ẹsẹ orin, lọ, torí òun ló ń padà wá ṣáá. Jaikishan kú ní 1971, síbẹ̀ orúkọ àwọn méjèèjì ni Shankar ń lò lọ.