Ẹ yẹ abẹ́ àpótí yẹn wò kí ẹ tó gbé e wọ pálọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo rí ìbéèrè yín. Ẹ ní tábìlì Íńdíà, ẹ ní rọ́ọ̀gì Mòrókò, ẹ wá fẹ́ kó àpótí ìjókòó gbígbẹ́ àti àdìrẹ láti ilé wá sí London, àmọ́ ẹ ò fẹ́ kí pálọ̀ dà bí ìsọ̀ ọjà. Àwọ̀ tó máa bára mu lẹ béèrè. Ẹ fi àwọ̀ sílẹ̀ ná, kòkòrò ni kẹ́ ẹ bá mi sọ.

Òṣogbo ni mo ti ra àpótí tèmi. Igi tútù ni, ọ̀dà dúdú tí wọ́n kùn ún ló tàn mí jẹ. Oṣù kẹta tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo ń gbálẹ̀ láàárọ̀, mo rí ìyẹ̀fun lábẹ́ rẹ̀, kúnná bí ẹ̀lùbọ́. Mo gbá a dànù. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ti wà níbẹ̀. Mo dojú bolẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i: ihò wẹ́wẹ́, àfi bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un káàkiri. Kí n tó mọ̀, tábìlì igi máńgòrò tó ti Íńdíà wá náà ti ń da ìyẹ̀fun. Bóyá òun náà ló gbé tirẹ̀ bọ̀, mi ò lè búra.

Mo pe ọ̀gbẹ́ni apakòkòrò. Ó gbowó àyẹ̀wò, kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní kí n dáná sun àpótí. Ọ̀jọ̀gbọ́n! Fírísà ló gbà mí. Mo fi ọ̀rá wé àpótí náà, mo lẹ ẹnu rẹ̀ pinpin, mo kó ẹran àti ẹja fún aládùúgbò, mo tì í wọlé ní ìwọ̀n òtútù 18°C lábẹ́ òdo fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Tẹ́ ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá yẹn títí tí òtútù fi máa kúrò lára igi. Ìwàǹwára mi ni mo fi tú u. Omi bò ó, ọ̀dà bó. Tábìlì ò wọ fírísà, mo sọ ọ́ nù. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ agbẹ́gilére, kó kọ déètì sí i. Lábẹ́ òfin 1979, iṣẹ́ ọnà tó ti wà ṣáájú 1918, tàbí èyí tí wọ́n ti fi ṣorò, kò gbọdọ̀ jáde ní Nàìjíríà láìgbàṣẹ lọ́wọ́ National Commission for Museums and Monuments. Àpótí mi ṣì ń rùn fún ọ̀dà, síbẹ̀ òṣìṣẹ́ kan ní pápákọ̀ òfurufú fọwọ́ pa á, ó ní, "Ohun àwọn baba ńlá wa nìyí." Wákàtí méjì! Nítorí ohun ìjókòó!

Ẹ̀gbà eyín erin ní ọjà àlòkù ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Láti oṣù kẹfà 2022 ni òfin ti ka títà á léèwọ̀ ní UK níbí, àfi ìwọ̀nba tó ní ìwé.

Àwọ̀, ẹ dákun. Ẹ mú àwọ̀ kan lára rọ́ọ̀gì yẹn, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tún hàn lẹ́ẹ̀mejì níbòmíràn, ó tán. Ẹ fọ àdìrẹ ẹlú dáadáa kó tó kan àga funfun. Tèmi ṣì ní àmì aró.

Tábìlì Íńdíà yín yẹn, igi wo ni?