Awò ìbọn afẹ́fẹ́ fún Field Target: ẹ wo parallax kí ẹ tó wo súùmù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè pé ṣé kí ẹ ra awò 4-16x (ó ń mú nǹkan tóbi láti ìlọ́po 4 dé 16) tó wà lẹ́dìn-ínwó, àbí kí ẹ fowó kún un kí ẹ ra 10-50x, torí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdíje Field Target lọ́dọ̀ yín ní England, èyí tí wọ́n ti ń fi ìbọn afẹ́fẹ́ yin àmì irin tó máa ń ṣubú bí ọta bá wọ ihò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi súùmù sílẹ̀ ná. Ẹ wo ara nọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò náà: yáàdì mélòó ni parallax rẹ̀, ìyẹn ìtúnṣe tó ń mú àmì mọ́ kedere ní ọ̀nà tí ẹ bá yàn, ti bẹ̀rẹ̀? Bó bá jẹ́ 50, ìbọn ẹlẹ́tù ni wọ́n ṣe é fún, ẹ má rà á. Láti yáàdì 8 sí 55 ni wọ́n ń gbé àmì Field Target sí, awò yín sì gbọ́dọ̀ lè mú ohun tó wà ní yáàdì 8 mọ́ kedere.

Òfin ìdíje náà kò gba ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀nà, nítorí náà awò yẹn gan-an ni téèpù yín. Ẹ ó yí nọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títí àmì á fi mọ́ roro, ẹ ó sì ka iye yáàdì lára wíìlì ńlá tí wọ́n so mọ́ ọn. Ìbọn tí agbára rẹ̀ kò kọjá 12 ft-lb (foot-pound, òṣùwọ̀n agbára ọta), èyí tí òfin ibẹ̀ gbà láìgba ìwé àṣẹ, máa ń ta ọta .177 (ìnṣì 0.177 ní ìbú) tó wúwo tó 8.44 grain ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 780 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti yáàdì 50 dé 55, ọta yẹn á ti fi ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ wálẹ̀. Ihò àmì tó jìnnà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mílímítà 40, ìyẹn 20 péré láti àárín dé etí. Ẹ bá ka 55 sí 50, ẹ ti tàsé nìyẹn, bó ti wù kí ọwọ́ yín dúró tó.

Ibẹ̀ ni súùmù ti wúlò. Ní 16x, ohun tó wà ní yáàdì 40 àti èyí tó wà ní 55 á jọ mọ́ kedere lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀. Láti 32x sókè ni ìyàtọ̀ tó ń hàn. Ṣùgbọ́n ní 50x, abẹ́ igi á ṣókùnkùn, ìlù ọkàn yín gan-an á máa mi àmì náà. Lójú tèmi, 8-32x tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ HFT (Hunter Field Target, ẹ̀yà ìdíje náà mìíràn) ni wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ yín, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ o: wọn kì í jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kan nọ́ọ̀bù kankan lẹ́yìn tí ìdíje bá ti bẹ̀rẹ̀, yáàdì 45 ló sì parí sí. 4-16x tí ẹ fi sí 10x dáa níbẹ̀.

Bí ìbọn yín bá jẹ́ onísípíríǹgì, ẹ bi olùtajà bóyá awò náà lè gbà á. Sípíríǹgì máa ń ta ìbọn sẹ́yìn, á tún fà á síwájú, ìfàsíwájú yẹn ló sì ń tú inú awò tí kò gbára dì. Ẹ ra ìdìmú tó jẹ́ odidi kan ṣoṣo, tó ní píìnì tó ń wọ ihò orí ìbọn, kí awò má baà máa yọ̀ sẹ́yìn. Ìbọn PCP, èyí tí wọ́n ti fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò nílò gbogbo èyí.

Ojú ihò ìdìmú gbọ́dọ̀ bá ọ̀pá awò mu, 25.4 tàbí 30 mílímítà, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gba ojú irin 11 mílímítà. Ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa yìnbọn, ẹ di ojú, ẹ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìdí ìbọn, kí ẹ wá lajú. Tí òjìji dúdú bá wà létí, ẹ sún awò síwájú tàbí sẹ́yìn títí á fi lọ. Orí súùmù tó ga jù ni kí ẹ ti ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ so okùn tó ní irin nídìí, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń wo ògiri, sí nǹkan bí yáàdì 20. Ẹ jẹ́ kí ìbọn dúró gbọọrọ, ẹ yí awò títí ìlà òòró inú rẹ̀ á fi bá okùn náà dọ́gba. Ìbọn tó bá tẹ̀ sọ́tùn-ún, ọ̀tún àti ìsàlẹ̀ ni ọta rẹ̀ ń lọ, ẹ ó sì rò pé atẹ́gùn ni. Ẹ máa dé síkúrù láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, kó má ju 2 Nm lọ. Bó bá le jù, ọ̀pá awò á tẹ̀, nọ́ọ̀bù parallax á sì máa ganpa.

Kí ẹ tó fàmì sára wíìlì, ẹ kọjú awò sí ojú ọ̀run, ẹ yí òrùka ẹ̀yìn rẹ̀ títí ìlà àgbélébùú á fi mú ṣáṣá lójú yín. Tí ẹ bá yí i lẹ́yìn tí ẹ ti fàmì tán, gbogbo àmì yẹn ti di irọ́. Yáàdì 10 ni kí ẹ ti kọ́kọ́ yìn ín kí ọta lè bọ́ sórí pépà, ẹ wá lọ parí títún nọ́ọ̀bù ṣe ní yáàdì 35, títí ọta á fi máa bọ́ síbi tí ìlà àgbélébùú tọ́ka sí. Lórí awò oní-1/4 MOA (MOA kan jẹ́ ìdá ọgọ́ta dígírì kan), kẹ́ kan, ìyẹn ìró kan tí nọ́ọ̀bù bá dún, ń sún ọta ní mílímítà 1.7 péré ní yáàdì 25. Bí nọ́ọ̀bù òkè bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin kó tó bá àmì, ẹ dúró níbẹ̀: sípíríǹgì inú awò ti dẹ̀, ibi tí ọta ń bọ́ sí kò ní dúró lójú kan. Ìdìmú tí a lè gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè ni oògùn rẹ̀.

Láti fàmì sára wíìlì, téèpù gidi ni kí ẹ fi wọn ilẹ̀ láti yáàdì 8 dé 55. Apá kan náà ni kí ẹ ti máa yí wíìlì bọ̀ nígbà gbogbo, torí jíà inú rẹ̀ máa ń ní àlàfo. Ẹ ka ibùdó kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Àmì 8 sí 20 á jìnnà síra, 45 sí 55 á sì fún mọ́ra wọn, ìdí nìyẹn tí wíìlì kékeré kò fi dáa. Ooru náà ń sún àmì wọ̀nyí: èyí tí ẹ fà ní àárọ̀ òtútù kò ní bá ọ̀sán oòrùn mu. Ẹ fi pépà àlẹ̀mọ́ méjì sára wíìlì, àwọ̀ kan fún òtútù, òmíràn fún ooru, kí ẹ sì máa fi aṣọ bo awò láàárín ibùdó kan sí òmíràn.