Ṣé omi alkaline lè lé ásíìdì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ti ní ásíìdì jù, pé omi alkaline, ìyẹn omi tó lòdì sí ásíìdì, ni kí n máa mu. Mo wá ra pépà tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò, 5.5 ló ń fi hàn látàárọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí o, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. 5.5 yẹn, pH ni wọ́n ń pè é, òǹkà tó ń fi bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó hàn, bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó. Ti ìtọ̀ ni, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀. Ìtọ̀ lè wà níbikíbi láti 4.5 dé 8, tó bá sì ní ásíìdì, kíndìnrín yín ló ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ yẹn, ásíìdì tí ara ò fẹ́ ló ń kó dà nù. Ẹni tó rí pàǹtí lórí ààtàn tó wá ní inú ilé ló dọ̀tí, ṣé ó rò ó dáadáa?

Ẹ̀jẹ̀ ní tiẹ̀, 7.35 sí 7.45 ló máa ń wà. Ẹni tí tiẹ̀ bá já sí 7.0, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló máa wà, kò ní ráyè ra pépà kankan.

Omi alkaline yẹn, inú ikùn ló máa kọ́kọ́ bọ́ sí, ásíìdì ibẹ̀ sì le gan-an, pH ẹ̀ ò ju bíi 1.5 sí 3.5 lọ, kó tó kúrò níbẹ̀ agbára ẹ̀ á ti pòórá. Àwọn tó ń lé ásíìdì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ gan-an ni ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín. Bí ara ṣe ń lo oúnjẹ ló ń pèsè carbon dioxide, tíyẹn bá pàdé omi inú ẹ̀jẹ̀ ó di ásíìdì, àmọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń mí síta báyìí lẹ ń lé e jáde, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ásíìdì bá pọ̀ lóòótọ́, mímí onítọ̀hún ló máa ń yára tí á sì jinlẹ̀. Èròjà kan tó ń jẹ́ bicarbonate wà nínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń gbá ásíìdì mú kó tó ṣọṣẹ́. Èyí tẹ́ ò lè mí síta, kíndìnrín ló ń tọ̀ ọ́ dà nù, iṣẹ́ tiẹ̀ ò yá, ó lè gba ọjọ́ mélòó kan.

Ásíìdì máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́ o, tí ìgbẹ́ gbuuru bá ń gbé bicarbonate lọ, tí ìtọ̀ ṣúgà bá kọjá àkóso, tàbí tí kíndìnrín bá ti dákú. Èébì tí ò dáwọ́ dúró ní tiẹ̀, òdìkejì ló sábà máa ń fà, torí ásíìdì inú ikùn ló ń bá a jáde. Ẹ̀jẹ̀ la máa ń gbà ká tó mọ gbogbo ìyẹn.

Omi lásán tó mọ́ ti tó yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má po baking soda mu o, iyọ̀ inú ẹ̀ pọ̀ jù, pàápàá fẹ́ni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà, tẹ́ ẹ wá ń bì, tẹ́ ẹ sì ń mí kíákíá, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.