Ẹ Bi Wá: Nígbà Tí Gángan àti Dùùrù Bá Jọ Ń Kọ Orin

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Onígángan ni mí ní Pàkàtà, níhìn-ín ní Ìlọrin. Èmi àti ará Jámánì kan tí ó ń tẹ dùùrù jọ ń ṣe orin kan, a sì ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ara wa lórí WhatsApp. Ó ti ṣe ohùn orin náà parí kí ó tó ní kí n wá ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i. Oríkì Ìlọrin ni mo fi sí i, ṣùgbọ́n bàbá mi ní àwọn kò gbọ́ ohun tí mò ń wí. Ọ̀gbẹ́ni náà tún fẹ́ kí gángan mi dúró lórí ohùn kan ṣoṣo tí ó bá dùùrù òun mu. Ṣé kí n jáwọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má jáwọ́, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ni kí ẹ yí padà. Òótọ́ ni bàbá yín sọ. Bí a bá wí pé “Ìlọrin Afọ̀njá”, ìsàlẹ̀ ni ohùn ti bẹ̀rẹ̀, ó gun àárín, ó tún wálẹ̀ ní “fọ̀n”, ó sì fò sókè ní “já”. Orin tí ó bá ń rẹlẹ̀ bọ̀ ní ìparí ìlà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ orin ilẹ̀ Yúróòpù ti máa ń ṣe, yóò fa “já” yẹn bọ́ sílẹ̀, orúkọ Afọ̀njá yóò sì pòórá létí ará Ìlọrin. Ohun kan náà ni ó ṣe àwọn orin ìsìn tí àwọn míṣọ́nnárì túmọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n gbé ka ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì láìtún un ṣe. A ṣì ń kọ wọ́n nítorí pé wọ́n ti mọ́ wa lára.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ sọ oríkì náà lẹ́nu lásán sínú fóònù, ẹ fi gángan sọ ọ́ tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi méjèèjì ránṣẹ́ kí ọ̀gbẹ́ni náà tó fọwọ́ kan dùùrù. Inú ohun tí ó bá gbọ́ ni kí ó ti wá ohùn orin. Ohun tí dùùrù yóò máa dún lábẹ́ ohùn orin náà di ti ọ̀gbẹ́ni náà, ibẹ̀ sì gbòòrò tó fún ọgbọ́n rẹ̀. Ẹ ní kí ó gbọ́ iṣẹ́ Akin Euba, tí ó kú ní 2020, ẹni tí ó kọ́ nípa ìlù dùndún jinlẹ̀, tí ó sì ń mú kí dùùrù dún bí ìlù.

Ní ti gángan, ọṣán tí ẹ ń fi apá fún ni ó ń mú un sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ohùn kan ṣoṣo ni ó fẹ́, agogo wà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń béèrè kò burú tán: ẹ lè ṣètò rẹ̀ kí ohùn ìsàlẹ̀ gángan bá ọ̀kan nínú ohùn dùùrù mu, kí ìyókù máa yọ́ kiri bí ó ti wù ú. Ẹ rántí pé awọ a máa rọ̀ lásìkò òjò, nítorí náà ẹ fi ohùn ìsàlẹ̀ yẹn ránṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ohun tí ẹ bá gbà sílẹ̀. Ẹ má sì gbìyànjú láti jọ lù ú lẹ́ẹ̀kan náà lórí fóònù. Ohùn máa ń pẹ́ lọ́nà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹgbẹ́ akọrin wa ní Òmù-Àrán àti àwọn akọrin Nupe kan láti Pàtígi fẹ́ jọ kọ orin kan, kí ẹsẹ kan jẹ́ Yorùbá, kí èkejì jẹ́ Nupe. Ṣé ohùn orin kan náà lè gba ẹsẹ méjèèjì? Ta ni yóò sì ni orin náà?

ÌDÁHÙN: Kò dájú pé yóò gbà á, nítorí pé èdè Nupe náà ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, kò sì sí ìdí tí ti ọ̀rọ̀ wọn yóò fi bọ́ sórí tiyín. Ègbè ni kí ẹ fi so ó pọ̀, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú. Kí olúkúlùkù sì ti inú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wá ohùn ẹsẹ tirẹ̀. Ní ti ẹni tí ó ni ín, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà Nàìjíríà ti 2022 ka irú orin bẹ́ẹ̀ sí ti gbogbo àwọn tí wọ́n jọ kọ ọ́, títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó bá kẹ́yìn nínú wọn. Ẹ kọ orúkọ àti ìpín olúkúlùkù sílẹ̀ kí ẹ tó wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀.