Òṣùmàrè Nínú Ilé Ìdáná

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Ẹ̀bútè Ìkòròdú níbí ni mò ń gbé. Àwọn ọmọ ọmọ mi méjì wà lọ́dọ̀ mi fún ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ yìí, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún méje, èkejì ọmọ ọdún mẹ́rin. Láti ìgbà tí òjò kò ti jẹ́ kí wọ́n jáde, fóònù ni wọ́n ń wò ṣáá. Èyí ẹ̀gbọ́n rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe òṣùmàrè, tí wọ́n sì ń se oúnjẹ aláwọ̀ ewé, ó ní àfi kí n bá òun ṣe é. Mo lọ sí ọjà Sábó lọ béèrè àwọ̀ tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ. Ẹnì kan yọ pawúdà inú ọ̀rá fún mi, ti ẹlòmíràn wà nínú ike kékeré, owó rẹ̀ sì wọ́n. Mi ò rà á. Ṣé a lè fi ohun tó wà nílé ṣe irú nǹkan báyìí? Ṣé èyí àbúrò sì lè bá wa ṣe é, àbí kó kàn máa wò wá?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ ṣeun gan-an tí ẹ ò ra pawúdà inú ọ̀rá yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ojú mi ti rí i. Ní ọdún kan, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ra irú rẹ̀ tí kò ní àkọlé kankan lára, a pò ó mọ́ ìyẹ̀fun kí àwọn ọmọ lè fi mọ ẹyẹ àti ẹja. Kí ilé ìwé tó parí lọ́jọ́ náà, ọwọ́ ọmọ méjì ti wú, wọ́n ń họ ara wọn. Nígbà mìíràn aró aṣọ ni wọ́n ń dì sínú ọ̀rá kéékèèké bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń tà á gan-an lè má mọ̀. Ohun tí a kò bá kọ ọ́ sí lára pé oúnjẹ ni, kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ. Èmi kì í jẹ́ kó kan ọwọ́ wọn mọ́ rárá.

Ohun tó wà nílé yín tó, Màmá. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Ìkòròdú, ẹnu ni mo sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àwọ̀, kì í ṣe kérẹ́yọ́nù. Lẹ́yìn funfun, pupa àti dúdú, ohun tó ni àwọ̀ ni a fi ń pe àwọ̀ ní èdè wa: àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ojú ọ̀run, àwọ̀ àlùkò. Ọmọ tó bá gbọ́ orúkọ yẹn ti mọ ibi tí yóò ti lọ wá a. Ẹ̀yin náà mọ èyí láti kékeré:

Agbe ló l'aró, kì í ráhùn aró,
Àlùkò ló l'osùn, kì í ráhùn osùn,
Lékèléké ló l'ẹfun, kì í ráhùn ẹfun.

Ẹ kọ́ wọn lónìí kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí lékèléké bá ń tẹ̀lé màlúù kọjá, ẹ jẹ́ kí wọ́n na ìka sókè sí i kó fún wọn ní èékánná funfun, bí àwa náà ti ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí òṣùmàrè fúnra wọn kí wọ́n tó fọwọ́ ṣe é. Kò dìgbà tí òjò bá rọ̀. Ẹ yá ike tí àwọn onírun fi ń fọ́n omi sórí, ẹ dúró síta ní àárọ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù, tàbí ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́rin ààbọ̀, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí ẹ sì fọ́n omi síwájú yín níbi tí ìtànṣán ti ń kọlu omi náà. Bí ògiri dúdú tàbí igi bá wà ní ọ̀ọ́kán, wọ́n á rí i dáadáa. Ọ̀sán gangan kò dára fún un, torí oòrùn ti ga jù nígbà náà. Bí èyí ẹ̀gbọ́n bá béèrè bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ (yóò béèrè), ẹ sọ fún un pé gbogbo àwọ̀ ló wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wọ inú ẹ̀kán omi, ó máa ń tẹ̀, á kan ẹ̀yìn ẹ̀kán náà, á sì tún padà jáde. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní bí tirẹ̀ ṣe ń tẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ya ara wọn sọ́tọ̀. Pupa máa ń wà lókè, àwọ̀ àlùkò nísàlẹ̀ pátápátá.

Ẹ má jẹ́ kí iye àwọ̀ dà yín láàmú. Isaac Newton, ará Ìlú Ọba tó fi gíláàsì ya ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀, márùn-ún ló kọ́kọ́ kà kó tó fi méjì kún un di méje. Fún ọmọ ọdún mẹ́rin, mẹ́rin tó.

Láti fi ọwọ́ ṣe é, ẹ lọ bá aránṣọ àdúgbò yín, ẹ ní kó bá yín kó àjákù aṣọ tó fẹ́ dànù. Ẹ gé ẹ̀gbẹ́ páálí kan, ẹ fa ìlà òṣùmàrè sí i, kí àwọn ọmọ máa to àjákù sójú ìlà. Ògì ni kẹ́ ẹ fi ṣe gọ́ọ̀mù: síbí ìjẹun méjì, ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó, kí ẹ wá dà á sínú ife omi kan tó ń hó, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi ki. Bó bá kan ẹnu ọmọ, ògì ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn ṣa aṣọ náà. Wọ́n á jiyàn lórí bóyá ti ọ̀hún jẹ́ pupa tàbí àwọ̀ ọsàn, àríyànjiyàn yẹn sì ni ẹ̀kọ́ gan-an, ẹ má bá wọn parí rẹ̀ kíákíá.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ kò gbà ju sóbò lọ. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ òdòdó sóbò kan, ẹ sè é nínú ife omi méjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sẹ́ ẹ, kó tutù. Ẹ pín in sí ife mẹ́ta. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú èkejì, yóò pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ẹ kán omi káún sínú ẹ̀kẹta díẹ̀díẹ̀, yóò yí padà lójú wọn, yóò lọ sí àwọ̀ aró, bí káún bá sì pọ̀ sí i, yóò fẹ́ di àwọ̀ ewé. Ohun kan náà tó ń pa òdòdó yẹn láwọ̀ ló máa ń yí padà bó bá pàdé ohun kíkan tàbí káún. Mo ti ṣe é pẹ̀lú oríṣiríṣi ọmọ, n kò tíì rí èyí tí kò pariwo. Kí wọ́n tún fi sóbò lásán kun bébà funfun, kó gbẹ, kí wọ́n wá fi ìka kan ọsàn, kí wọ́n fi ìka mìíràn kan omi káún, kí wọ́n fi kọ nǹkan sí i. Ẹ da ife oníkáún nù, kì í ṣe mímu. Ẹ dá sóbò tí ẹ ó mu sè, kí ẹ fi atalẹ̀ àti ṣúgà sí i.

Ó wá ku àwọ̀ ewé. Ọ̀rọ̀ tiwa gan-an ni, torí Oko Òdú ni àwọn àgbà sọ pé orúkọ Ìkòròdú ti wá, oko tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ òdú. Òdú kì í ṣe àìmọ̀ f'olóko, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú yìí nísinsìnyí kò mọ̀ ọ́n lójú. Bí ẹ bá rí i rà, ẹ fi hàn wọ́n kí ẹ tó sè é, ẹ sì kìlọ̀ fún wọn pé èso wẹ́wẹ́ orí rẹ̀ kì í ṣe jíjẹ.

Ẹ mú ewé tútù kan tó gbomi dáadáa, tẹ̀tẹ̀ tàbí úgú, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín àkísà funfun tí ẹ ká po, kí ọmọ fi ọmọ ọlọ máa lù ú jẹ́jẹ́. Nígbà tí ẹ bá ṣí i, gbogbo iṣan ewé yóò ti hàn lára aṣọ. Bí ẹ bá sá a sóòrùn, yóò ṣá. Ẹ wá bi wọ́n pé ewé wo ni àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣá. Ẹ̀lú ni: ewé rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n aró ló ń ti inú rẹ̀ jáde, òun ni àwọn ìyá wa fi ń re àdìrẹ. Ẹ sọ ìtàn rẹ̀ nìkan, ẹ má dán an wò pẹ̀lú wọn, torí omi eérú tí wọ́n fi ń pò ó máa ń jó ọwọ́.

Iná ni ọ̀tá àwọ̀ ewé. Ẹ ju ewé ẹ̀fọ́ kan sínú omi híhó fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gbé e bọ inú omi tútù, á máa dán. Ẹ ju òmíràn sínú omi híhó tí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí, kó pẹ́ níbẹ̀, yóò dà bí ewé tó ti gbẹ. Ohun kíkan àti ooru ló pa àwọ̀ náà. Káún kì í jẹ́ kó kú, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ewédú oníkáún fi máa ń tutù lójú, ṣùgbọ́n bíńtín ni o, káún tó bá pọ̀ ń ba ẹ̀fọ́ jẹ́. Tòmátì náà kan, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ata jinná kí ẹ̀fọ́ tó wọ inú rẹ̀.

Tí a bá ti mọ èyí, a lè se ọ̀lẹ̀lẹ̀ aláwọ̀ mẹ́rin. Agolo mílíìkì méjì ẹ̀wà. Kí àwọn ọmọ méjèèjì bó o, iṣẹ́ omi ni, wọn ò ní fẹ́ dìde. Ẹ rẹ ẹ̀wà bíbó náà fún wákàtí kan, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà kan, kó ki, kó máa rọra já bọ́ láti ojú síbí. Ẹ fi iyọ̀ sí i, ẹ pín in sí abọ́ mẹ́rin. Àkọ́kọ́, ẹ fi síbí òróró kan sí i, òun ni funfun. Èkejì, òróró àti tàtàṣé kan tí ẹ ti lọ̀, tí ẹ sì ti sè títí omi rẹ̀ fi gbẹ, ata kankan kò sí níbẹ̀ nítorí èyí àbúrò. Ẹ̀kẹta, síbí epo pupa kan, yóò jáde ní àwọ̀ ọsàn. Ẹ̀kẹrin, òróró àti omi úgú: ẹ lọ ẹ̀kúnwọ́ ewé kan pẹ̀lú omi síbí méjì, ẹ fi aṣọ fún un, omi rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ lò, síbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ má fi epo pupa sí i o, á ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Mo mọ̀ pé ewé eéran ló ń mú kí ọ̀lẹ̀lẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n inú ewé, àwọ̀ yóò dàpọ̀. Ife irin ni kẹ́ ẹ lò, ẹ fi òróró pa inú rẹ̀. Ẹ má lo ọ̀rá. Ẹ bu funfun sí i kọ́kọ́, ẹ gbé e sínú ìkòkò tí omi inú rẹ̀ kò ga ju ìdajì ife lọ, ẹ dé e fún bí ìṣẹ́jú méjìlá títí ojú rẹ̀ yóò fi dì. Ẹ bu pupa lé e, ẹ dé e lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà àwọ̀ ọsàn. Àwọ̀ ewé ló kẹ́yìn, kó jẹ́ òun ni iná yóò kàn díẹ̀ jù, ẹ fún un ní ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ fi igi ìtayín gún un wò. Bí ẹ bá da ife dé, funfun á wà lókè bí ìkùukùu, pupa á tẹ̀lé e, bó ṣe wà nínú òṣùmàrè gan-an.

Èso kò gba àlàyé púpọ̀. Wọtamẹ́lọ̀n, ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀-òyìnbó, kùkúḿbà, kí wọ́n tò ó ní ìlà ìlà. Oúnjẹ àwọ̀ ojú ọ̀run ṣọ̀wọ́n lọ́jà wa, nítorí náà ẹ fi àwo aláwọ̀ yẹn gbé e fún wọn.

Ní ti èyí àbúrò, ẹ má fi í ṣe òǹwòran, Màmá. Nínú ohun tí mo rí, ọmọ ọdún mẹ́rin kì í jókòó ti iṣẹ́ kan ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, nítorí náà ẹ fún un ní iṣẹ́ tó kúrú: kó bó ẹ̀wà, kó já ewé kúrò lára igi rẹ̀, kó fún ọsàn, kó lu ewé. Bó bá dìde lọ, ẹ jẹ́ kó lọ, yóò padà nígbà tí ó bá gbọ́ ariwo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èyí ẹ̀gbọ́n lè bu ẹ̀wà sínú ife kó tó kan iná. Ọ̀bẹ, iná àti ìkòkò gbígbóná di tiyín.

Bí òjò bá rọ̀ lọ́la, sóbò ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ó yá. Ẹ wọ aṣọ tó ti gbó fún wọn, ẹ tẹ́ bébà ìròyìn sórí tábìlì, kí ẹ sì jẹ́ kí àbúrò ló kán omi káún.